Ẹ̀wù tí Vidosava Rán fún Ọba

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé ọba lágbára, kó kọ́kọ́ wá bi mí. Mo ti dúró níwájú ọba rí. Mo sún mọ́ ọn débi pé mo ń gbóòórùn tábà lára rẹ̀. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé tó ní kí wọ́n dá ẹ̀mí ọmọ wa sí, ìwé náà kò sì wúlò ju èyí tí mo fi ń wé wàràkàṣì fún àwọn oníbàárà lọ.

Ìyàwó wa ló ni ọ̀rọ̀ náà. Vidosava, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Rajko. Ọmọkùnrin mẹ́sàn-án ló bí ní Drenovik níbí. Àìsàn mú nínú wọn, ogun mú nínú wọn, ọkọ̀ ojú omi kó àwọn yòókù lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn yẹn kò sì kọ̀wé sílé mọ́. Gavrilo tó jẹ́ ìkẹyìn ló kù tó ń dá iná fún ìyá rẹ̀.

Rajko kò rí Gavrilo. Oyún rẹ̀ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa bàbá rẹ̀ lórí afárá olú ìlú. Ọba àtijọ́ ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá jà. Ọba yẹn, bó bá mi orí sọ́tùn-ún, wọ́n á so ènìyàn kọ́. Bó bá mi ín sósì, wọ́n á tú u sílẹ̀ kó máa lọ jẹun alẹ́. Rajko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ń fẹ́ òfin tí a kọ sílẹ̀, tí ọba fúnra rẹ̀ yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kú, òfin dé. Ọba àtijọ́ sá lọ, wọ́n fi ọmọ àbúrò rẹ̀ jọba, Radivoje, òun náà sì gbé ọwọ́ lé àgbélébùú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó búra pé òun kò ní kọjá òfin yẹn láé.

Ní ọ̀dọ̀ wa, obìnrin tó bá bí ọmọkùnrin mẹ́sàn-án, ọba ni bàbá ìsàmì ẹni kẹsàn-án. Kúmù ni à ń pe bàbá ìsàmì. Ẹ má fi kúmù ṣeré. Ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ, bó bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, tó fi Ọlọ́run àti Jòhánù Mímọ́ pè ọ́ ní kúmù, o gbọ́dọ̀ sọ ìbọn rẹ sílẹ̀ kí o bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. A kì í ṣépè fún kúmù. Kúmù kì í sì í kọ̀. Nígbà tí Gavrilo délé ayé, ọba rán ọ̀gágun kan wá láti gbé ọmọ dúró fún òun. Pantelija ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, irunmú rẹ̀ ń dán. Bí àlùfáà ṣe ń gbàdúrà lọ́wọ́, Gavrilo tọ̀ sí gbogbo àmì ẹ̀yẹ àyà rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, àfi opó.

Ó yẹ kí ìyá ọmọ fún kúmù ní ẹ̀wù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Vidosava kò rán an lọ́dún náà. Ta ló máa fi ojú tó kún fún omi ki òwú bọ abẹ́rẹ́? Ó ní òun ṣì máa rán an.

Ìgbà tó wá rán an, ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ọgá ọlọ́pàá kan wọ àgbàlá rẹ̀, ó fẹ́ gbé ìkòkò tó fi ń pọn ọtí rakíjà lọ, ó ní kò gba ìwé àṣẹ. Vidosava di ìkòkò mú. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó já ìborí dúdú orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ṣí orí opó ní gbangba, ì bá sàn kó gbá a létí. Gavrilo jáde láti ilé màlúù, ó fa igi ọgbà yọ, ó lu ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó. Gavrilo tóbi, ẹnu ọ̀nà ilé kọfí mi kò gbà á àyàfi bó bá fẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ẹni tó bá pa ẹni tó wọ aṣọ ìjọba, ìbọn ni ìdájọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò tiẹ̀ jẹ́ kí kọfí tutù tó fi dá a.

“Ẹ jẹ́ ká lọ bá mínísítà ètò ìdájọ́,” mo sọ fún ìyàwó wa. “Mo kà á nínú ìwé ìròyìn. Ọwọ́ ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àforíjì ń gbà kọjá.”

Ó tẹ́ ẹ̀wù àtijọ́ Gavrilo sórí tábìlì mi, ó ń fi wọn aṣọ funfun tó hun. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Mínísítà wo? Ẹni tí a dìbò fún lánàá, tí a ó lé lọ́la? Desanka, bí ilé ẹ bá ń jó, ṣé aládùúgbò lo máa ké pè ni àbí bàbá ẹ?”

“Ẹni tí omi wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni màá ké pè.”

“Ẹnu ẹ yìí! Ẹnu ẹ ni ò jẹ́ kí ọkọ ẹ pẹ́ láyé.”

“Ó pẹ́ tó. Òun gan-an ló ní ó tó.” Mo tọ́ka sí aṣọ náà. “Ìyàwó wa, kí lẹ ń fi ẹ̀wù Gavrilo wọn?”

“Ẹ̀wù ọba ni mò ń gé.” Ó wo àwòrán ọba lára ògiri mi, lórí ẹṣin, èjìká bí ilẹ̀kùn. “Ọba ò lè kéré ju ọmọ mi lọ.”

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí olú ìlú. Ó gbé búrẹ́dì ńlá kan tó fi ọwọ́ yan, iyọ̀ nínú aṣọ, àti ẹ̀wù. Mo tún bẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ pé ká kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mínísítà. Ó yíjú sí fèrèsé. Bí mo ṣe mọ ìyàwó wa, ẹni tó yíjú sí fèrèsé ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pe kúmù. A kì í yọ́ ọ pè. Ohun tí ẹ sọ nínú yàrá, ó lè sẹ́ ẹ. Nítorí náà gbangba ni ènìyàn ń dúró, ojú ọ̀nà, kí gbogbo ayé lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó wa ṣe. Ó dúró níwájú géètì ààfin ní ọ̀sán gangan, ní àárín ẹṣin àti kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ké.

“Kúmù o! Mo fi Ọlọ́run pè ọ́! Mo fi Jòhánù Mímọ́ pè ọ́! Radivoje, kúmù mi, ọmọ rẹ ni wọ́n fẹ́ pa! Jáde wá!”

Sójà tó ń ṣọ́ géètì fẹ́ kú. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Kábíyèsí ń jẹun.”

“Ó ń jẹun? Kó jẹ ẹ́ yó. Ọmọ ẹ̀ ò ní jẹun mọ́.”

Ó tún ké. Àwọn ènìyàn dúró. Ẹnìkan ní wèrè ni, obìnrin kan ní wèrè kọ́, ọba ni kúmù ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ń jẹun ní ilé kọfí òdìkejì dìde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo rí ọkùnrin méjì tó wọ fìlà tó mọ́, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn ní orúkọ wa, wọ́n ń bi wọ́n ní abúlé wa. Oníròyìn ni wọ́n. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní, ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́.

Géètì ṣí. Ọ̀gágun arúgbó kan jáde, irunmú rẹ̀ ti funfun. Ó wo ìyàwó wa títí.

“Orí mi o,” ó wí. “Ìyá ọmọ tó tọ̀ sí mi láyà.”

Pantelija ni. Ó mú wa wọlé.

Mo ti ń retí ìtẹ́ wúrà. Yàrá kékeré ni, ààrò amúlégbóná kan ń kùn nígun. Ọkùnrin kan dìde láti orí àga, aṣọ òtútù léjìká rẹ̀, ó ń wúkọ́. Kò ga ju èjìká mi lọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọba ń bọ̀.

“Wọ́n ti fi àwòrán tàn wá jẹ,” mo rọra wí.

Etí rẹ̀ mú. “Ẹṣin ni ayàwòrán yẹn kọ́kọ́ yà,” ó wí. “Ó wá wá ẹni tó máa bá ẹṣin mu.”

Vidosava ti kúnlẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ gbé e dìde, ó ní, “Ẹnìkan kì í kúnlẹ̀ fún kúmù, ìyá ọmọ mi.” Ìyàwó wa na búrẹ́dì àti iyọ̀ sí i. Gbogbo ẹni tó bá jẹ ìyẹn ti gba ẹ̀bẹ̀. Ọba mọ̀. Ó di búrẹ́dì náà mú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Pantelija wúkọ́, ó ní, “Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́.” Ọba bu búrẹ́dì, ó tì í bọ iyọ̀, ó jẹ ẹ́.

Nígbà náà ni ìyàwó wa tú ẹ̀wù. Ọba wọ̀ ọ́ sórí aṣọ rẹ̀. Apá ẹ̀wù gbé ọwọ́ rẹ̀ mì. Etí ẹ̀wù náà dé orúnkún. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín bí ìyẹn, n kò sì lè rẹ́rìn-ín. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó jókòó, ó ní kí Pantelija mú ìwé wá, ó sì kọ orúkọ rẹ̀.

Ìyàwó wa fi ẹnu kan ìwé náà. Ó ń dúpẹ́, ó ń fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó ń sọ pé òun á lọ gbé Gavrilo kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ń ka ìwé. Mo rí àyè kan ní ìsàlẹ̀ orúkọ ọba, ó mọ́ fínnífínní.

“Kábíyèsí, ibí yìí ṣófo.”

“Àyè mínísítà ni.” Kò wò mí. “Ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ sí, àfi kí mínísítà kan fọwọ́ sí i pẹ̀lú mi. Láìsí tiẹ̀, orúkọ lásán ni mo kọ.”

“Ẹ̀yin ọba! Kí wá gan-an niṣẹ́ yín?”

Pantelija sún mọ́ mi bí ẹni máa dì mí lẹ́nu. Ọba gbọ́wọ́ sókè.

“Fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí.” Ó rò ó. “Mo máa ń ṣí ilé ìgbìmọ̀. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún mi níbẹ̀, tó bá dùn mọ́ mi, tí ò bá dùn mọ́ mi. Mo máa ń fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ àyà ènìyàn. Gbogbo òfin ń gba abẹ́ kálàmù mi kọjá, mi ò gbọdọ̀ dá ọ̀kan dúró. Bí mínísítà bá fẹ́ ṣàṣìṣe, mo lè pè é kí n bi í pé ṣó dá a lójú. Tó bá ní ó dá òun lójú, màá fún un ní kọfí.”

“Ẹ lé e dànù.”

“Láàárọ̀ màá lé e. Lọ́sàn-án ilé ìgbìmọ̀ á dá a padà. Lálẹ́ wọ́n á máa bi ara wọn pé kí ni wọ́n ń fi mí ṣe.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀ nínú apá ẹ̀wù tó tú sílẹ̀ padà. “Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí. Àwọn ènìyàn yín ló so ọwọ́ mi kejì, wọn ò sì ṣe burúkú. Mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì ṣe.”

“Kúmù,” ni ìyàwó wa wí, “o jẹ búrẹ́dì mi.”

“Mo jẹ ẹ́.”

“Ó ti tán nìyẹn.”

Ọba na ìwé náà sí Pantelija. Ó ní kí Pantelija gbé ìwé náà lọ fún mínísítà, kó sì mú wa dání, kó bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ òun.

Sredoje Lazović ni mínísítà náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ìka méjì kò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Orí afárá ló fi wọ́n sí, níbi tí Rajko fi ara rẹ̀ sí. Ó dìde nígbà tó rí ìyàwó wa, ó gbé àga fún un.

“Ìyàwó Rajko, ẹ jókòó. Ẹ ò bá ti wá sọ́dọ̀ mi.”

“Mo ní kúmù,” ni ìyàwó wa wí.

Ó fi ojú wo ìwé ọba, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ wà, yíǹkì rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́: ỌMỌ ÌSÀMÌ ỌBA PA ỌLỌ́PÀÁ, ÌYÁ RẸ̀ Ń PE ỌBA NÍ GÉÈTÌ. Èmi tí inú mi dùn sí oníròyìn lọ́sàn-án, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Mo ti ka ẹjọ́ ọmọ yín,” ni mínísítà wí. “Opó tí wọ́n ṣí lórí, ọmọ tó gbèjà ìyá ẹ̀, tí ò tiẹ̀ gbèrò àtipànìyàn. Mo ti múra láti gbé e lọ bá ọba fúnra mi pé ká sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Irú ẹ̀ kì í ṣe àkọ́kọ́.”

“Ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀ nìyẹn,” mo wí. “Kálàmù rèé.”

“Ìyẹn àná.” Ó ti ìwé ìròyìn sọ́dọ̀ mi. “Láti ọ̀sán, gbogbo ọjà ló ń sọ pé ẹni tí ọba bá gbé nínú omi ìsàmì lè pa ọlọ́pàá kó sì lọ sùn. Ìyàwó ọlọ́pàá náà wà níta níbí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Ó bi mí pé, ‘Àwa tí a ò ní kúmù láàfin ńkọ́?’ Kí ni kí n sọ fún un? Bí mo bá fọwọ́ sí i báyìí, èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí i, géètì ààfin ni. Lọ́la ẹlòmíì á tún lọ ké níbẹ̀. Títí a ó fi padà síbi tí ọba ti ń mi orí sọ́tùn-ún sósì.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa,” mo wí. “Bó bá jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, ẹ ó dá a sí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣùgbọ́n torí pé ọba fẹ́ kó yè, ó gbọ́dọ̀ kú.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Bú mi, Desanka. Ó tọ́ sí mi.”

Mo bú u. N kò dúró kó tún sọ ọ́. Mo bú ìyá tó bí i, mo bú ilé alágbẹ̀dẹ tó ti jáde, mo sọ fún un pé ìka méjì tó sọnù lórí afárá, ì bá dára kó jẹ́ èyí tó fi ń kọ̀wé. Pantelija dojú kọ ògiri. Mínísítà jókòó bí ẹni tí òjò ń pa, kò gbé nǹkan borí.

“Rajko ló sọ ọ́ lórí afárá,” ó wí nígbà tí mo mí. “Ó ní kò gbọdọ̀ sí ojúrere ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.”

Ìyàwó wa gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ mínísítà, bí ẹni tí ń gbọ́ èdè tí kò gbọ́ rí, tó sì ń yé e díẹ̀díẹ̀.

“Ohùn mi ni?” ó bi wá. “Igbe tí mo ké níta yẹn?”

Mo ká ìwé ìròyìn náà pọ̀. Mínísítà tún gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

“Ohùn mi ni,” ni ìyàwó wa wí. Ó tún ìborí rẹ̀ so, ó sì jáde.

Wọn kò jẹ́ ká wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. A jókòó ní ilé ẹnìkan ní ìdojúkọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀, a gbọ́ ìbọn náà. Kò pariwo tó bí mo ṣe rò. Àwọn ẹyẹlé fò sókè lórí òrùlé, wọ́n yípo, wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n wà.

Pantelija ló wá kan ilẹ̀kùn. Ó gbé nǹkan kan dání tó fi aṣọ wé.

“Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀wọ̀n,” ó wí. “Mo dúró síbi tó ti lè rí mi. Èmi ni mo gbé e bọ omi, ẹ̀yin ìyá ọmọ. Mi ò lè jẹ́ kó dá lọ.”

“Kí ló sọ?” ni ìyàwó wa bi í.

“Ó bi mí bóyá ìyá òun ti rí ìborí ẹ̀ tó bọ́ sẹ́rẹ̀. Mo ní ẹ ti rí i, pé ẹ ti fọ̀ ọ́.”

Ó na ohun tó gbé dání sí i. Ẹ̀wù ni. Wọ́n ti ká a dáadáa. “Kábíyèsí ní kúmù tó bá ṣe iṣẹ́ kúmù ló ń gba ẹ̀wù. Ó ní òun jẹ búrẹ́dì ná, ìyẹn ò ṣeé dá padà.”

Mo fẹ́ gba ẹ̀wù náà kí n sọ ọ́ sí Pantelija lójú. Ìyàwó wa gbà á kí n tó dé ibẹ̀.

Wọ́n gbé òkú fún wa lọ́sàn-án. A fi ọtí àti omi wẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó ní lára, mi ò fẹ́ rántí rẹ̀. Ìyàwó wa tú ẹ̀wù ọba, ó gbé apá Gavrilo kan, ó gbé ìkejì, ó wọ̀ ọ́ fún un. Kò sí ibi tó fún. Kò sí ibi tó ṣò. Apá rẹ̀ dúró ní ọrùn ọwọ́ gan-an, ọrùn rẹ̀ sì pa dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọmọ náà máa jí.

“Mo sọ fún ẹ, Desanka,” ó wí. “Mo ní kò sẹ́ni tó tóbi jù ú.”

Ní ìgbà ìrúwé, ìyàwó ọlọ́sìn oyin kan ní òkè odò bí ọmọkùnrin kẹsàn-án. Baálẹ̀ wá sí ilé kọfí mi, ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí ààfin. Ó ti jókòó, ó ti béèrè kọfí, kó tó rí ìyàwó wa ní ìdí fèrèsé, tó ń la èso fún ọtí ọdún tó ń bọ̀.

“Ẹ forí jì mí, ìyá Gavrilo,” ó wí. “Àṣà ni.”

“Ẹ kọ ọ́,” ni ìyàwó wa dá a lóhùn. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró. “Ṣùgbọ́n ẹ pe mínísítà pẹ̀lú. Kí ọ̀kan gbé orí ọmọ, kí èkejì gbé ẹsẹ̀.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé kọfí sẹ́nu nígbà tó rí ojú rẹ̀.

Àwòrán ọba ṣì wà lára ògiri mi. Òfin ló ní kí ó wà níbẹ̀, ní gbogbo ilé tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ìyàwó wa kì í ṣépè fún un. A kì í ṣépè fún kúmù. Bó bá wọlé, ó máa ń mú àga rẹ̀, á yí i padà, á sì kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin náà.